Màmá Àgbà àti Yàrá Ẹ̀yìn

Ẹ̀yìn ìyá òyìnbó kan ni mò ń fọ ní Shooters Hill, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní kéà. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mi ò gbé e. Ó tún gbọ̀n. Mo nu ọwọ́, mo gbé e. Nọ́ọ̀sì kan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ jù. Kó tó dé orí ọ̀rọ̀ gan-an ni mo ti mọ̀. Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ti kú ní ọsibítù ní nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn.

Mo dá fóònù padà sápò. Mo ṣan ọṣẹ kúrò lẹ́yìn ìyá yẹn, mo fi táwẹ̀lì tó wà lórí hítà wé e, mo nu abẹ́ ọmú rẹ̀ dáadáa torí ibẹ̀ máa ń bó tí omi bá kù síbẹ̀. Ó ní ṣé omi ló ti tutù tí mo fi ń kánjú. Mo ní rárá, Ma. Ilé rẹ̀ gbẹ, ó móoru, ògiri rẹ̀ funfun títí dé kọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń wò nìyẹn, kọ̀rọ̀ ògiri. Mò ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ olóúnjẹ.

Nígbà kan tí mò ń ráhùn pé ilé onílé ni mò ń lo gbogbo agbára mi sí, Màmá Àgbà sọ fún mi pé: "Wẹ̀ fún ìyá wọn dáadáa. Ẹlòmíì náà á wẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wẹ̀ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n kúrú, wọ́n sì máa ń yára rìn bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Wọ́n ti wà nílùú yìí kí wọ́n tó bí mi. Ìbàdàn ni ìyá mi bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ka sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí mo rí físà iṣẹ́ kéà gbà tí mo gbé ọmọ mi, Mofẹ́, wá, ọ̀dọ̀ wọn ní Thamesmead la wọ̀ sí. Ọmọ ọdún méjì ni Mofẹ́ nígbà yẹn, ó ti pé méje báyìí.

Iṣẹ́ klínà ni wọ́n ṣe títí orúnkún fi kọ̀. Ilé ẹjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh ni wọ́n ti pẹ́ jù. Wọ́n mọ ìmọ́tótó débi pé ó máa ń rẹ èèyàn. Tí o bá mu omi tán, kí o tó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹ láti fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ilé ẹjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń yangàn bí ẹlòmíì ṣe ń fi ọmọ dókítà yangàn. Wọ́n á ní: "Ẹni tí wọ́n fẹ́ jù sẹ́wọ̀n gan-an, tó bá rí ilẹ̀ mi, á kọ́kọ́ nu bàtà."

Mofẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi "ẹ" kí àgbà, ọmọ ìlú yìí ni. Á wọlé láti skúùlù, á ní, "Màmá Àgbà, o ti jẹun?" Màmá á yíjú sẹ́yìn, wọ́n á máa wá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n á wo abẹ́ àga, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wò. "Mofẹ́, mi ò rí ọ̀rẹ́ ẹ o. Ó jọ pé ó ti lọ." Ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ti jẹun, Ma?" Ọjọ́ kejì, á tún di "o". Wọn ò bínú rí. Èmi ni mò ń bínú. Wọ́n sọ fún mi pé: "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀, mo gbọ́ ohun tó ń bi mí. Oúnjẹ ló ń bi mí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí, torí mi ò lè sọ̀rọ̀ wọn kí n má sọ ti ilé náà. Yàrá méjì ni àti pálọ̀. Yàrá iwájú ń rí oòrùn. Yàrá ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan, atẹ́gùn odò ló ń na ògiri rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, inú rẹ̀ sì tutù bíi fìríìjì. Tí òtútù bá ti dé, ògiri yẹn á máa làágùn, dúdú kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí hù láti ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Òórùn rẹ̀ máa ń wà lára aṣọ wa. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Woolwich, mo máa ń jókòó sọ́tọ̀ torí ẹ̀.

Màmá Àgbà ń pe dúdú yẹn ní lánlọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀ wọ́n á wo ìdí ògiri, wọ́n á ní, "Lánlọ́ọ̀dù ti jí." Mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní: "Iléeṣẹ́ tó ni ilé yìí, lẹ́tà wọn nìkan ni mo mọ̀. Èyí la jọ ń gbé."

Ìjà wọn pẹ̀lú iléeṣẹ́ náà pọ̀, àmọ́ lórí fóònù ni wọ́n ti ń jà á, orin tí wọ́n fi ń ní kéèyàn dúró ló sì máa ń borí wọn. Wọ́n á gbé fóònù sórí tábìlì kí orin náà máa kọ, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó yá, lẹ́tà kan dé. Ó ní ká máa ṣí fèrèsé, ká má sá aṣọ sínú ilé, ká máa dé ìkòkò tí a bá ń se nǹkan, torí omi inú oúnjẹ àti ti aṣọ, títí kan èémí ẹni tó sùn, ló ń lọ di omi lára ògiri. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí Yorùbá fún wọn. Wọ́n ní kí n tún ibi èémí yẹn kà. Mo tún un kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín mọ́ wọn lẹ́nu. "Ká má sá aṣọ, ká má se ọbẹ̀. Ó kù kí wọ́n ní ká má mí."

Mi ò ní purọ́, ọwọ́ wa náà wà nínú ẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Powis Street, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń fọ sùtánà tiwọn àti tàwọn ìyá ìjọ méjì tí ọwọ́ ń ro. Orí hítà yàrá ẹ̀yìn ni gbogbo ẹ̀ ń gbẹ sí, omi á máa kán tó, tó, tó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa sá a sí báákónì. Ojú tí wọ́n fi wò mí! "Aṣọ tí mo fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ẹyẹlé Thamesmead ò ní ṣu sí i."

Wọn kì í sì í lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọ tó bá ti Nàìjíríà dé tí kò tíì ríbi sùn, pálọ̀ wa ni. Ìgbà kan wà tí a jẹ́ mẹ́jọ nínú fláàtì yẹn fún oṣù mẹ́ta. Èèyàn mẹ́jọ ń mí, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń se ìrẹsì. Ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣàn.

Lásìkò yẹn ni tẹlifíṣàn fi àwọn kan hàn tí wọ́n ń pè ní Inuit, àwọn tó ń gbé ilẹ̀ yìnyín lókè pátápátá, níbi tí igi ò ti ń hù. Mo rò pé yìnyín náà ni Màmá Àgbà á máa wò. Rárá. Inú ilé ni wọ́n ń wò. Ìjọba tó jìnnà sí wọn ló kọ́ ilé ọ̀hún, ó kéré, ìdílé mẹ́ta wà nínú ọ̀kan, wọ́n ń sùn ní àsùnpọ̀, igun ògiri dúdú. Ìyá ìkókó kan gbé ọmọ rẹ̀ sáyà, ọmọ náà ń wúkọ́. Wọ́n ní tí ikọ́ náà bá le, ọkọ̀ òfuurufú ló máa gbé e lọ sí ọsibítù. Màmá Àgbà dìde, wọ́n lọ dúró síwájú tẹlifíṣàn, wọ́n fi ìka kan igun ògiri yẹn lójú gíláàsì bí ẹni tó rí ìbátan.

"Àṣàkẹ́, wá wò ó. Lánlọ́ọ̀dù wa ló ni ibẹ̀ náà."

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n dìde nínú ìjọ, wọ́n ní ká gbàdúrà fún àwọn ọmọ Inuit kí àyà wọn lè sàn. Wòlíì ní, "Màmá, ẹ̀ka ìjọ wa wo nìyẹn?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Yìnyín ló wà níta tiwọn, òjò ló wà níta tiwa. Inú ilé ò yàtọ̀."

Báyìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọjọ́ tí wọ́n wá yẹ ilé wò. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ láìbínú.

Ó ti tó oṣù mẹ́wàá tí mo ti ń bẹ iléeṣẹ́ náà kí ẹnìkan wá fojú ara rẹ̀ rí ògiri yẹn. Mofẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ lójú oorun, èmi àti ẹ̀ la sì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fún wa ní ọjọ́ kan, ọjọ́ Túsìdeè. Mo lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀, mo ní màá padà kí ọkùnrin náà tó dé. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn bílíìṣì gbá mi lójú, òórùn ọ̀dà tẹ̀ lé e. Màmá Àgbà wà lórí àga nínú yàrá ẹ̀yìn, gèlè dí wọn nímú, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti fọ gbogbo dúdú ara ògiri kúrò. Wọ́n ti kun ún. Funfun báláú.

Mo ní, "Màmá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí ni mo ṣe? Àlejò ń bọ̀."

"Ohun tó ń bọ̀ wá wò lẹ fọ̀ dànù yìí!"

"Á rí i. Omi ṣì wà nínú ògiri. Ṣé kó wá wọlé kó bá ìdọ̀tí lára ògiri mi ni? Kí ló máa rò nípa ẹni tó tọ́ mi?"

Aago ilẹ̀kùn dún. Ọkùnrin náà wọlé, Màmá ti gbé pọ́fúpọ́fù àti júùsì sórí tábìlì dè é. Ó jẹ mẹ́rin. Ó fi iná wo igun ògiri, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan kàn án, ó ní ó tutù díẹ̀, àmọ́ òun ò rí mould, ìyẹn dúdú ara ògiri yẹn. Mo fi fọ́tò inú fóònù mi hàn án. Ó ní ohun tí òun bá fojú rí nìkan ni òun lè kọ. Nígbà tó ń lọ, ó ní ilé yín mọ́ gan-an, Ma. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n sìn ín dé ẹnu lífítì.

Lẹ́tà rẹ̀ dé: kò sí ìṣòro kan tó le, ká máa ṣí fèrèsé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dúdú yẹn yọ jáde nínú ọ̀dà tuntun, ó tún tóbi sí i. Mo sọ̀rọ̀ sí wọn lọ́jọ́ yẹn lọ́nà tí kò yẹ kí ọmọ-ọmọ gbà bá ìyá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀.  Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, níbi tí a ti ń ká aṣọ, láìsí pé mo bi wọ́n, wọ́n ní: "Ojú ló tì mí, Àṣàkẹ́. Ojú tì mí fún nǹkan tí kì í ṣe ẹ̀bi mi."

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni ikọ́ fée wá fara hàn gbangba lára Mofẹ́. Ó dé láti skúùlù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àyà rẹ̀ ń hó fíì, fíì, awọ abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ámbúláǹsì gbé wa. Ó lo ọjọ́ méjì ní ọsibítù. Dókítà fún wa ní ínhélà, ike tí wọ́n ń fà sẹ́nu yẹn, ó wá bi mí bí ibi tí ọmọ ń sùn ṣe rí. Mo sọ fún un. Ó ní ọmọ yìí ò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀ mọ́. Màmá Àgbà wà nídìí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ kejì tí a délé, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá bẹ́ẹ̀dì èmi àti Mofẹ́ ní yàrá iwájú. Bíbélì Màmá, ìgò òróró wọn, gbogbo ẹrù wọn ti wà ní yàrá ẹ̀yìn.

"Màmá, ta ló kó ẹrù?"

"Èmi ni. Yàrá iwájú yẹn, ariwo mọ́tò ò jẹ́ kí n gbádùn àdúrà."

"Mọ́tò kì í kọjá níbí, Màmá. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni."

"Ariwo ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń sọ."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," mo lọ gbé omi kaná. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mofẹ́ sùn láìwúkọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ó tún sùn láìwúkọ́ lọ́sẹ̀ kejì, inú mi sì dùn. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Inú mi dùn.

Nígbà tí ikọ́ tiwọn wá bẹ̀rẹ̀ sí gba ògiri kọjá sọ́dọ̀ wa, mo fa bẹ́ẹ̀dì mi jáde, mo ní ká pààrọ̀, kí èmi máa sùn níbẹ̀, kí àwọn àti Mofẹ́ wà níwájú. Wọ́n ní èmi tí mò ń gbé arúgbó nílẹ̀ láti àárọ̀, tí mo bá ṣàìsàn, ta ló máa bọ́ ọmọ? Mo ní kí wọ́n kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n wá gbé àwọn kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mofẹ́ ni wọ́n ń rán. "Mofẹ́, sọ fún ìyá ẹ pé ọbẹ̀ ń jóná." Èmi rèé, mo dúró ti ìkòkò. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n jókòó tì mí ní kíṣìnì, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n ní: "Ẹ̀dọ̀fóró tèmi ti fẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Ti Mofẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Fi mí sílẹ̀."

Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Òtútù àyà ló gbé wọn dé ọsibítù lọ́dún yìí. Dókítà obìnrin kan bi wọ́n bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti ń wúkọ́, àti bí ilé ṣe rí. Mo la ẹnu. Wọ́n di ọwọ́ mi mú lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n fún un pọ̀. "Má tú àṣírí ilé wa fún wọn." Wọ́n wá fi gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kí àwọn adájọ́ dá a lóhùn: "I am fine, doctor. I thank God." Èémí gé gbólóhùn yẹn sí mẹ́ta. Dókítà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì pè mí ní Shooters Hill.

Àwọn ìyá ìjọ dé láti bá mi ṣọ̀fọ̀. Auntie Bọ́lá, tí òun àti Màmá jọ wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà, wo yàrá ẹ̀yìn, ó jáde, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Bílíìṣì ń bẹ níbo? Àwọn èèyàn á máa wá kí yín. Wọn ò gbọ́dọ̀ bá ibi tí Màmá ń sùn báyìí. Ìtìjú ni."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi yẹn sílẹ̀."

"Ọmọ yìí, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ma. Kò sẹ́ni tó máa fọ ògiri yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."

 Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, bọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀: "Tèmi wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn mọ́ ògiri." Ìyá kejì ní tòun wà lókè bẹ́ẹ̀dì ọmọ, fọ́tò Jésù ni òun fi bò ó. Ìyá kẹta kàn ń mi orí. Gbogbo wa jókòó síbẹ̀, a ń wo ògiri. Àwọn obìnrin tí mo mọ̀ pé ilé wọn mọ́ jù ní gbogbo Thamesmead nìyẹn.

Iléeṣẹ́ náà ti tún rán ẹlòmíì wá. Èyí rí i. Ó ya fọ́tò, ó ní wọ́n á kó wa kúrò, kò mọ ìgbà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, yàrá iwájú la ṣì wà, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn sì wà ní títì.

Àwọn èèyàn ti sọ fún Mofẹ́ pé Ọlọ́run fẹ́ràn Màmá Àgbà ló ṣe mú wọn lọ.  Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mò ń dirun fún un, ó ní, "Mummy, ṣé torí mo gba room wọn ni?"

Kò sí "o" nínú ẹ̀. "Wọn" ló pè wọ́n. Mo gbé kóòmù sílẹ̀. Ó wù mí kí n sọ pé rárá, kí n sì máa dirun lọ. Mo yí i padà kó lè rí ojú mi.

Mo sọ fún un pé kò gba yàrá ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún un ni, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, inú wọn sì dùn tó bá sùn dáadáa. Mo ní ògiri yẹn kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni, àwọn àgbàlagbà tó yẹ kó tún un ṣe ò tún un ṣe, èmi náà mọ̀, mo sì dákẹ́, torí mo fẹ́ kí ìwọ máa mí. Mo ní ẹ̀bi yẹn, àgbà ló ni ín, kò sí èyí tó kàn ẹ́ níbẹ̀. Ó bi mí bóyá Màmá sọ fún dókítà pé ó ń dùn wọ́n. Mo ní rárá, wọ́n ní àwọn wà dáadáa. Ó ní kí ló dé? Mo ní ojú ló ń tì wọ́n.

Mo wá fa orí rẹ̀ mọ́ra, mo sọ ọ́ sí i létí: "Mofẹ́, tí kò bá rọrùn fún ẹ láti mí, níbikíbi tó o bá wà, ẹnikẹ́ni tó bá bi ẹ́, o ò gbọ́dọ̀ sọ pé o wà dáadáa."